Ojú Ìyá Rẹ Lára Sítáǹpù

Abísàgọ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ẹni tó dá ẹ̀mí rẹ sí nínú àgọ́ kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ láàárín èrò ìlú ńlá. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́. Àmín. Àlàáfíà la wà níbí. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò, a ti kàn án. Èmi ńkọ́? Ara mi yá gágá, ọmọ mi, torí láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí mo ti gbéyàwó ni mo ti ń jí pẹ̀lú ẹ̀rín, tí mo ń fọwọ́ ara mi gbá ojúlé, tí àwọn aládùúgbò ń bi mí pé ṣé tẹ́tẹ́ ni mo jẹ ni.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìgbéyàwó yìí kò dùn mọ́ ọ nínú. O bi mí lórí fóònù bóyá mo ti gbàgbé ìyá rẹ, o sì gé e, láti ìgbà náà n ò gbóhùn rẹ mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń ṣàìsàn, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí baba tó ń tún aago ṣe tó sọ fún mi pé fóònù kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi ló ń bínú. N kò bá ọ wí. Ìyá kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń pààrọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, torí ìyàwó tí o ń bínú sí yìí gan-an ló bá wa rí ìyá rẹ.

Nígbà tí omi lé wa kúrò nílé, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ló pàgọ́ fún wa, inú àgọ́ náà ni ìyá rẹ bí ọ sí. Nígbà tí o pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn gbé kámẹ́rà wá, ó ya ìyá rẹ pẹ̀lú ìwọ lọ́wọ́ lẹ́nu àgọ́, ó ní gbogbo ayé ni yóò rí fọ́tò náà. Kí o tó lè jókòó, ìyá rẹ ti dágbére fáyé. Omi sì ti kó gbogbo fọ́tò ilé, ìdí nìyẹn tí o kò fi mọ ojú rẹ̀. Mo rò ó títí: kí ló wà tí gbogbo ayé ń rí, tó ń wọlé olówó, tó ń wọlé tálákà, bí kò ṣe sítáǹpù ara lẹ́tà? Láti ìgbà náà, sítáǹpù èyíkéyìí tí wọ́n bá tẹ̀ fún ìrántí àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́, mo ti rẹ ẹ́ sómi, mo ti ṣí i, mo ti tò ó sáàárín ìwé ìṣirò rẹ àtijọ́. Ìwọ lo máa ń gbé abọ́ omi fún mi. O máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá, màá ní kò sí. Igba ó lé mọ́kànlá ni wọ́n: mo rí ti nọ́ọ̀sì, mo rí ti bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo rí ti àpò ọkà, n kò rí ìyá rẹ.

Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Sítáǹpù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin orí káńtà nílé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá mi tọrọ àpò lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Níjọ́ kan ó wá sílé fúnra rẹ̀, ó fi ìka méjì mú àpò lẹ́tà kan bí ẹni mú ẹyin. Àgọ́ wà lára sítáǹpù rẹ̀. Obìnrin kan dúró lẹ́nu àgọ́, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ wà lápá òsì rẹ̀. Apá òsì, ọmọ mi! Apá òsì ni ìyá rẹ fi ń gbé ọ, torí pákó tí omi gbé wá ti ṣe ọ̀tún léṣe. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Kò sá, kò ní kí n dákẹ́, ó kàn jókòó tì mí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Kílẹ̀ tó ṣú ni mo ti ní kó fẹ́ mi.

Baba tó ń tún aago ṣe fi awò ojú kan rẹ̀ wo sítáǹpù náà. Ó ní àwòrán ọwọ́ ni, kì í ṣe fọ́tò, pé orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí ló ti wá, pé ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò yàtọ̀ síra wọn ju ẹyin aláǹgbá lọ. Mo ní ẹni tó ti ń wo ìfun aago láti ogójì ọdún, kí ló mọ̀ nípa ojú èèyàn? Ìyàwó mi kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ìwọ nìkan lo lè dá a mọ̀, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, kí o wo méjèèjì.

Mo gbìyànjú fóònù ná. Mo tẹ́ sítáǹpù náà sójú gíláàsì rẹ̀, mo tẹ ibi ìfiránṣẹ́, n kò mọ ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ni mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò lẹ́tà yìí, ṣebí sítáǹpù ló ni ọkọ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó mi ní ti ilẹ̀ òkèèrè kò lè gbé lẹ́tà níbí. Mo ní àwọn tó fún wa ní bùláńkẹ́ẹ̀tì kò bi wá pé ilẹ̀ wo la ti wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lẹ tiwa kan tì í. Orí káńtà rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òǹtẹ̀ dúdú, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi na ọrùn wò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sára àpò tí n kò tíì ki lẹ́tà bọ̀. Igun àgọ́ nìkan ló kàn. Kò fi tàdáwà kan ojú ìyá rẹ.

Má ya àpò náà. Rẹ ẹ́ sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bí o ṣe máa ń rí mi tí mo ń ṣe é. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra gíláàsì àti igi tí a ó fi gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n má fi sítáǹpù náà ránṣẹ́ pa dà nínú lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sítáǹpù ń rìnrìn àjò. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi mú un wá. Bí o bá wò ó tí o rí i pé òun ni, o mú ìyá rẹ wálé nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òun, ṣáà máa bọ̀, kí n lè wo ojú tìrẹ, bóyá ibẹ̀ ni mi ò tíì wò dáadáa.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ilé yóò gbà ọ́ tayọ̀tayọ̀.

Èmi bàbá rẹ, ọkọ ìyàwó.