Fóònù Mi Ní Súfà Ni Mo Wà

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Karùn-ún
Pe Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e. Ibi ìdánrawò orin ló máa wà. Inú bí mi díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Keje
Apenisa, àbúrò mi, fi fídíò pè mí láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti di ewúrẹ́. Irùngbọ̀n ti bo gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Mo bi í bóyá abẹ ìfárí ti tán ní gbogbo erékùṣù Kadavu ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọkùnrin abúlé ló ń bára wọn díje, ẹni tí tiẹ̀ bá gùn jù. Mo ní kó gbé fóònù fún Màmá. Ó ní Màmá ń tọ́jú ohùn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìdíje orin ìjọ á fi kọjá.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi kẹ́yìn. Ó kúkú jọ Màmá. Ọdún tí ìjọ wa gba ipò kìíní, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń fọwọ́ júwe nǹkan fún wa, ṣíbí ló fi ń na tábìlì bó bá fẹ́ bú wa. Òun ló máa ń dá orin. Ìlà àkọ́kọ́, òun nìkan, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ á tó gbè é.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje, ní Súfà, olú ìlú Fíjì. Tẹlifíṣọ̀n ilé máa ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ìkànnì wọn. Ó ní àwọn tó wà nílé nìkan ló wà fún. Mo bú u.

Bí mo bá lè lọ, ǹ bá lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba níbí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ìlà kan péré. Kí n gbọ́ ọ, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Keje
Yà ní ṣọ́ọ̀bù Rajneel ra iyẹ̀fun. Lọ́yà ni mo ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn lé. Ọmọ Lábásà nílé ní Fíjì ni, ó ti pẹ́ ní Griffith lókè òkun yìí jù mí lọ. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ní VPN ni mò ń wá. Ó ní ó dà bí ìgbà téèyàn kọ lẹ́tà, tó wá fi rán ìbátan rẹ̀ kan nílé pé kó bá òun jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá gbà á á rò pé ilé lonítọ̀hún wà.

Ó kìlọ̀ ohun mẹ́ta fún mi. Kí n má mú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí n rí i pé Fíjì wà nínú orúkọ ìlú tí wọ́n ní. Kí n dán an wò kí n tó sanwó ọdún kan. Ọ̀kan ni mo rántí nígbà tí mo délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Keje
Mú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó fi obìnrin méjì tí kò wọṣọ tán hàn mí, ó ní kí n wá ta tẹ́tẹ́, fóònù mi gbóná bí ayọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ló ní Họ́láǹdì ni mo wà. Lọ́yà pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ìbátan tó bá ń báni jíṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ó ń tú lẹ́tà ẹni kà lọ́nà ni.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Keje
Dán VPN kejì wò, Gbajúmọ̀ ni mo sọ ọ́. Gbogbo ayé ló ń yìn ín. Ó ní ju ọgọ́ta orílẹ̀-èdè lọ. Mo ń wò ó lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ lára pátákó èsì ìdánwò. Fíjì kò sí níbẹ̀. Niu Sílándì wà, Lọ́yà ní kí n gbìyànjú rẹ̀, ṣebí aládùúgbò wa ni. Ìkànnì kọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Keje
Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti orí fóònù Màmá. Ó ní ara òun le, kí n máa jẹun dáadáa. Ó tán síbẹ̀.

Kò bú mi. Kò béèrè ìgbà tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Apenisa ló bá a tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀, ojú Màmá kì í rí lẹ́tà kéékèèké. Síbẹ̀ mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mò ń wá ibi tó ti bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Keje
Mo ti rí i. Aláwọ̀-Ewé ni mo sọ ọ́. Fíjì wà nínú tiẹ̀, mo sanwó rẹ̀, wọ́n ní mo lè gbowó mi padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Lọ́yà yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o: Singapọ́ọ̀ ni ẹ̀rọ náà jókòó sí gan-an, àdírẹ́sì Súfà ni wọ́n kàn kọ lé e lórí. Mo ní ṣé ìkànnì gbà pé Súfà ni. Ó ní ó gbà. Mo ní ó tó mi bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Lókè fóònù mi: o wà ní Súfà. Mo gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Òjò ní Kadavu, ìgbì ga, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké má jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo ń sunkún nítorí òjò tí kò pa mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Keje
Lẹ́yìn ìsìn ìjọ àwa ọmọ Fíjì níbí, Vilikesa awakọ̀ tírélà bá mi. Ó ti gbọ́. Ó fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù rọ́gbì ilé. Ó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Kerekere, Sísítà Lai." Kí lèèyàn ń sọ sí kerekere? Bí wọ́n bá fi bẹ̀ ọ́, wàá gbé e sílẹ̀ ni, ìbáà ṣe bàtà ẹsẹ̀ rẹ. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà mi.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Keje
Màmá Pásítọ̀ náà gbà á, ó fẹ́ máa gbọ́ rédíò ilé. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ lóko àjàrà gbà á. Lusiana ará ìjọ náà gbà á. Ó ti di márùn-ún. Lọ́yà ní èèyàn márùn-ún péré ló lè wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni mo wá di ẹnì kẹfà lórí ohun tí mo fi owó ara mi rà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹjọ
Ìyáàfin Pruitt, ní yàrá kẹsàn-án ilé arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń fún un lọ́bẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Fún ìyá ẹ ní àga. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí ìdúró."

Kò sẹ́ni tí kì í bá sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fíríìjì ló ń kí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo gbé àga kan síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹjọ
Nǹkan ń ṣe àwọn ará ìjọ níbí. Mo wọ gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ dákẹ́. Vilikesa tí kì í yé pè mí ní Àǹtí Ilé Arúgbó kí mi pẹ̀lẹ́, ó wolẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n fọ abọ́. Màmá Pásítọ̀ gbé gbágùúdá àti ẹja oníwàrà àgbọn wá sílé fún mi, ó dì mọ́ mi, kò tètè tú mi sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹjọ
Ewúrẹ́ pè. Irùngbọ̀n ti dé àyà. Ó ní kí n má wulẹ̀ wo ìdíje, iṣẹ́ ló yẹ kí n gbájú mọ́, òun á gbà á sílẹ̀ fún mi. Mo ní kó jẹ́ kí n rí Màmá, kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀, kó sáà juwọ́ sí mi. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì. Ó pa á.

Ọkùnrin ilé wa kì í fi irùngbọ̀n sílẹ̀ lásán. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí wọ́n — mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹjọ
Jí, bá ẹní tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Ẹní àtàtà, tí wọ́n hun òwú pupa àti búlúù sí létí. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ohun mẹ́ta la máa ń gbé irú ẹní yìí fúnni sí. Mi ò bímọ. Mi ò ṣègbéyàwó.

Ó wà níbi tó wà. Mo gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹjọ
Ẹ̀rù ń bà mí. Kó tiẹ̀ wà nínú ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹjọ
Mo fẹ́ dán Aláwọ̀-Ewé wò nítorí ọ̀la. Kò gbà mí. Ó ní èèyàn márùn-ún ti wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀, bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ fún mi lọ́la, wákàtí kan péré. Wọ́n kà á. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Mo lọ bá Lọ́yà. Ó ní nǹkan kékeré ni. Kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí n tẹ ibi tó ti ní kí gbogbo ẹ̀rọ jáde, márààrún á já bọ́. Mo ní kò lè yé e, ohun téèyàn bá ti fi kerekere gbà kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ó ní, "Ó ti yé mi láti ayé bàbá mi àgbà. Kerekere yín náà lẹ fi gba ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. À ń retí ẹ̀ dòní."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sísítà Lai, ṣé ó dá ẹ lójú pé o fẹ́ wò ó?" Òun náà mọ nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kẹjọ
Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tẹ̀léra-tẹ̀léra, kó má baà dàrú mọ́ mi lójú.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mọ́kànlá ní Súfà. Èèyàn márùn-ún ṣì wà lórí rẹ̀. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mi ò gba ohun tí mo fúnni padà rí láyé mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn já. Ó ṣí fún mi: o wà ní Súfà.

Ìjọ méjì kọrin. Lẹ́yìn náà ni tiwa wọlé. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀. Ní ìjọ wa, funfun la fi ń díje. Apenisa wà lẹ́yìn láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ bo tàì. Mo wo iwájú, ọwọ́ òsì, ibi tí Màmá máa ń dúró sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Olóòtú ka ìwé. Ó ní ìjọ yìí bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn kọrin nínú aṣọ ọ̀fọ̀, nítorí pé alẹ́ òní ló pé ọgọ́rùn-ún òru tí ìyá tó ń dá orin fún wọn ti kú. Ó pe orúkọ rẹ̀ tán pátá. Ó ní ó fi ọmọ méjì sílẹ̀: Apenisa, tó wà láàárín wọn níbí, àti Laisani, tó wà lókè òkun.

Ọ̀gá orin gbé ọwọ́ sókè. Ó ń ju ọwọ́ bó ṣe máa ń jù ú fún ìlà àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohùn kankan. Gbogbo wọn dúró, wọ́n lanu díẹ̀, wọ́n fi ìlà náà sílẹ̀ fún un. Mo wá gbọ́ ohùn kan ní kíṣìnì mi. Ohùn mi ni. Èmi ni mò ń kọ ọ́, mo kọ ọ́ délẹ̀, ibi tí mo sì gbé e dé gẹ́lẹ́ ni wọ́n ti gbà á ní Súfà. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mi ò mọ ẹni tó gba ipò kìíní.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo lé wọn jáde tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àwọn márààrún. Aṣọ dúdú, ẹní lábẹ́ apá. Vilikesa kò lè wò mí lójú. Màmá Pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní rédíò làwọn ti gbọ́ ìkéde ikú Màmá, lórí VPN mi yìí, ní ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n pe Apenisa, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi.

Màmá Pásítọ̀ ní, "Bó ṣe já mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a mọ̀ pé o ti wọlé."

Mo bi wọ́n kí ni wọ́n ń wò láti àná. Ó ní wọn ò wo nǹkan kan. Wọ́n kàn ṣí i sílẹ̀ ni, wọ́n jókòó tì í, kí n má baà ráyè. Mo ti pè wọ́n ní ọ̀kánjúwà nínú ọkàn mi. Mo tẹ́ ẹní wọn sílẹ̀, títí kan èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ kan. A jókòó lé e títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kẹjọ
Apenisa pè. Ó ti fá a. Àgbọ̀n rẹ̀ rí róbótó bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, mi ò lè wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ló ní ká ṣèlérí. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa wálé, ìwé yín á sì bàjẹ́." Mo bi í ọjọ́ tó kú. Ó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún. Mo ti kà á sẹ́yìn fúnra mi kó tó sọ, mo kàn fẹ́ kó purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Màmá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Mo padà sí ojú ìwé ọjọ́ náà nínú ìwé yìí. Ìlà kan ni mo kọ. Mo ní inú bí mi díẹ̀.

Nílé, ọgọ́rùn-ún òru ọ̀fọ̀ ti pé, wọ́n ti bọ́ aṣọ dúdú lónìí, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti fá irùngbọ̀n. Èmi, àná ni òru kìíní mi. Mo ka ọgọ́rùn-ún: ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá. Títí di ọjọ́ náà, mi ò ní kọrin, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nídìí abọ́. Ìlà tí mo kọ lánàá ni mo fi pa ẹnu dé.

Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn márààrún. Vilikesa dáhùn pé àwọn ti pín in láàárín ara wọn, ẹni mẹ́rin péré lá máa wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àyè tèmi lè máa ṣófo dè mí.

Mi ò tíì pa á látàná. Ó ṣì wà lókè fóònù mi: o wà ní Súfà.