Ibi Tí Bàbá Ateo Mú Mi Lọ ní Livorno

Piandighiro,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Vanda ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé afẹ́fẹ́ òkun yẹn kò tíì gbẹ ọ́ lára bí ewé tábà tí wọ́n sá sórí òrùlé? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá mi sí. Orúnkún mi ọ̀tún a máa ké bí òjò bá ṣú, ti òsì kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyá Olúwa yóò máa ṣọ́ ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ àti ibi tí o fọwọ́ kàn, kò sì ní gbàgbé orúkọ rẹ láàárín orúkọ àwọn tí wọ́n pọ̀ jọjọ.

Nílé, nǹkan ń lọ. Èso kasitáńà ti ń já bọ́ nínú igbó wa, mo ti dáná sábẹ́ àjà tí a fi ń yan án, gbogbo ara mi ń rùn èéfín, ológbò pàápàá kò jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ Berto wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ó jẹ òdòdó iwájú pẹpẹ tán pátápátá, àlùfáà ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, Berto sì ní ewúrẹ́ òun kò tíì ṣèrìbọmi, ẹ̀ṣẹ̀ kan kò lè mú un. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di òní.

O ní kí n máa fi fóònù tí o rà fún mi pè ọ́. Mo ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o ní etí mi nìkan ni ò ń rí, ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí etí ni mo fi ń gbọ́ràn, kí ni ǹ bá tún gbé síbẹ̀? Obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀ náà, èyí tó máa ń sọ pé ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí, mo kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo bi í pé níbo lo lọ, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń tún sọ. Ó dà bíi pé wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ wúwo díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí obìnrin yẹn gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ lóṣù tó kọjá, mo ní ìsinmi ni mo wá ṣe. Irọ́ ni, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Fọ́ọ̀mù kan wà nísàlẹ̀ báàgì mi, lábẹ́ ìyẹ̀fun kasitáńà. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ń wá ẹni tí yóò máa kọ ìwé ìbí àti ìwé ikú, iṣẹ́ orí àga, tábìlì wà níbẹ̀, iná amúlégbóná wà níbẹ̀. Mo ti bá ọ kún un lórí tábìlì ilé ìdáná. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá o gbà kí wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa rẹ, mo kọ ọ́ pé ara ọmọ mi dá ṣáṣá, kò gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n ti béèrè àdírẹ́sì orí afẹ́fẹ́, mo kọ ọ́ pé orí ilẹ̀ là ń gbé, ilé kẹta lẹ́yìn kànga. Ó ku kí o fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ mú ọ padà wálé.

O mọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wáyà tí wọ́n fi ń fa gẹdú já nínú igbó tó sì mú Egisto bàbá rẹ lọ, tí mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀ tí mo ní kí o búra pé iṣẹ́ orí àga nìkan ni ìwọ yóò ṣe, ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. O búra. O sì kọ̀wé pé ọ́fíìsì lo wà ní èbúté, pé ò ń kọ orúkọ ọkọ̀ sínú ìwé. Odidi ọdún mẹ́fà ni mo fi sọ fún gbogbo Piandighiro pé ọkọ̀ kan kò lè wọ Livorno àfi bí Vanda bá kọ orúkọ rẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ tí o ṣèlérí pé ìwọ yóò mú mi wo ìlú. Bí a ṣe ń mu kọfí àárọ̀ ni wọ́n pè ọ́, o ní ara ẹnì kan kò yá lọ́fíìsì, o sáré kan ilẹ̀kùn Bàbá Ateo nísàlẹ̀, o ní kó bá ọ mójú tó mi, o sì lọ. Kí n má purọ́, nígbà tí mo gbọ́ pé Ateo lorúkọ rẹ̀, mo ṣe àmì àgbélébùú lábẹ́ aṣọ. Kí ni bàbá kan rí tó fi sọ ọmọ ní Aláìgbọlọ́rungbọ́? Ó rí ọwọ́ mi. Ó ní bàbá òun ló bá Ọlọ́run jà, òun kò sí níbẹ̀.

Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ wò. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ibi tí mo ti lè ra òwú ìránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òwú wà níbi gbogbo, pé ibi tí òun fúnra òun máa ń lọ wò bí ilé bá ṣófo jù fún òun láti ọjọ́ tí Norma ìyàwó òun ti kú, ibẹ̀ ni òun yóò mú mi lọ.

A kọ́kọ́ lọ sọ́jà tó ní òrùlé gíga bíi ti kàtídírà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ jọ ti alága ìbílẹ̀ wa gẹ́lẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i. Obìnrin tó ń tà á pariwo sí Bàbá Ateo pé ṣé ó ti fẹ́ ìyàwó tuntun ni, pé arúgbó yìí mà lójú kòkòrò o, ibo ló ti rí arẹwà. Bàbá ní kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, pé àwọn ará òkè máa ń ní ọ̀bẹ lápò. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìwé rẹ wọ inú fóònù pé kí n fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí ọ. Mo tọrọ bébà lọ́wọ́ olójà, mo kọ ọ́ pé, ẹ̀gbẹ́ ẹja, mo ra sítáńbù, mo sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Bí kò bá tíì dé, ẹ̀bi ilé ìfìwéránṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ó ra búrẹ́dì tí wọ́n fi àkàrà pẹlẹbẹ sí láàárín, àkàrà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yan nínú àwo bàbà tó fẹ̀ bí àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ata tí wọ́n wọ́n sí i kò kéré. Ó tún fún mi ní kọfí tí ọtí rọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó ní oògùn ni. Mo mu ife kan nítorí orúnkún ọ̀tún, òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú, mo mu ìkejì.

Bóyá oògùn yẹn ló fà á tí mo fi bọ́ bàtà nígbà tí a dé Terrazza, gbàgede ńlá létí òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ dán, dúdú kan funfun kan, gbogbo rẹ̀ lọ títí kò lópin, mo ní obìnrin tó ń nù ún yóò ti jìyà tó, èmi kò ní fi ẹrẹ̀ òkè bà á jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ́rìn-ín. Bàbá Ateo wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà tirẹ̀ náà, a sì rìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun láìwọ bàtà. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́ Norma níjó, pé Norma kò mọ̀ ọ́n jó títí ó fi kú.

Ó wá fẹ́ mú mi lọ sí Montenero, sílé Ìyá Olúwa lórí òkè. A dé ìsàlẹ̀, mo rí ọkọ̀ kékeré kan tí wáyà ń fà gòkè. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní n kò lè wọ ohun tí wáyà ń fà. Kò bi mí léèrè, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn yí padà, a lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Vanda, ṣé o ti wo ògiri ibẹ̀ rí? Àwòrán kún un, àwòrán àwọn tí a yọ nínú ikú, ẹni tó já bọ́ lórí àkàbà, ẹni tí ẹṣin wọ́, ọkọ̀ tí ìgbì fẹ́ gbé mì. Bàbá Ateo ti ṣí fìlà. Ó mú mi lọ síbi igun kan, ó fi ìka han mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ ní èbúté, okùn ọkọ̀ tó já ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí ejò. Ó ní òun nìyẹn, nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ìyá òun ló gbé àwòrán náà wá síbẹ̀ níkọ̀kọ̀, bàbá òun sì kú láìmọ̀. Mo bá bú sẹ́kún, mo sọ ọ̀rọ̀ Egisto fún un, èyí tí n kò bá àlejò sọ rí. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní gbàgbé.

“Ìyá Vanda, okùn tó já ni wọ́n ń yà lórí ògiri. Àwọn tí kò já, ta ló ń yà wọ́n? Ẹ wá, mo fẹ́ fi ìyẹn hàn yín.”

A padà sí ìsàlẹ̀. Nítòsí èbúté, a kọjá lára ère ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọba kan. Ó ní ojú ibì kan wà nílẹ̀ tí èèyàn bá dúró sí, yóò rí imú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, oríire ni. Mo dúró síbẹ̀, mo rí imú wọn, mo sì bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa tú wọn sílẹ̀. Ó ní láti kékeré òun, imú ni gbogbo èèyàn ń bi òun.

A wá dé orí ògiri òkúta tó wọ inú òkun, níbi tí àwọn arúgbó ti ń dẹ ìwọ̀. Ọkọ̀ láti erékùṣù Sardinia ń bọ̀, ó ga ju ilé ìlú wa gbogbo lọ. Ọkọ̀ kékeré kan jáde lọ pàdé rẹ̀, ó kéré débi pé mo rò pé ó ti ṣìnà. Ẹnì kan dúró lórí rẹ̀ nínú aṣọ olómi-ọsàn, ó fi ọwọ́ òsì lé ìbàdí. Egisto nìkan ni mo rí tó ń dúró báyẹn, bó bá fẹ́ gé igi. Bàbá Ateo sì ń fi ayọ̀ sọ pé, ẹ wò ó, Vanda wa nìyẹn.

Kò mọ̀ pé n kò mọ̀. Má ṣe bá a jà.

Wọ́n ju okùn láti òkè. Mo rí i tí o mú un. Ògiri irin yẹn ń sún mọ́ ọ, omi ń hó lábẹ́ rẹ, okùn náà nípọn bí itan mi. Mo la ẹnu láti pè ọ́. Bàbá Ateo di apá mi mú.

“Ẹ má pè é. Ẹni tó di okùn mú kì í dáhùn ìpè.”

Mo pa ẹnu mi dé. N kò tíì pa á dé báyẹn rí láyé mi. O fa okùn náà dé etí èbúté, wọ́n fi kọ́ irin, ó le gan-an, kò já. Ọkọ̀ ńlá yẹn rọra dúró bí màlúù tí a so. O gbọ́wọ́ sókè, ọ̀gá ọkọ̀ sì fọn fèrè fún ọ. Fún ìwọ, Vanda. Arúgbó kan tó ń dẹ ìwọ̀ sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í, pé nígbà ìjì oṣù kejì, àwọn ọkùnrin méjì kọ̀ láti jáde, ọmọbìnrin yìí ló jáde. Mo ní ọmọ mi ni. Gbogbo wọn dìde, wọ́n sì fún mi ní àga tó dára jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ o wọlé, ò ń rùn ọṣẹ, o ní iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ọ́. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ra á fún ọ, tí mo ní òtútù ni. Ní ti fọ́ọ̀mù yẹn, mo ká a sí mẹ́rin, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ tó ń mì. Bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò tún mì mọ́, àbí?

N kò bínú sí ọ. Mo bínú fún ọjọ́ méjì, títí dé inú ọkọ̀ ojú irin, ó sì ti tán. Èmi ni mo fi ìbúra sí ọ lọ́rùn nígbà tí ojú rẹ kò tíì gbẹ, èmi náà ni mo tú u báyìí. Mo sọ ọ́ níwájú sàréè bàbá rẹ pẹ̀lú ohùn gíga. Iride tó ń nu òkúta sàréè ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní ṣebí iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn? Mo ní àwọn ọkùnrin ti dán an wò, wọ́n ṣì ń sinmi.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ. Lórí òkè lẹ́yìn oko Berto, bí afẹ́fẹ́ bá gbá ọ̀run mọ́, èèyàn a máa rí òkun ní ọ̀nà jíjìn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn abẹ́rẹ́. Awò olójú méjì tí àwọn ọdẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú ìsàlẹ̀. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Má fi í sínú ògiri tó ń pọ owó, nítorí nígbà tó bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá o, ẹ ṣeun, ó sì gbé káàdì mi mì. Inú àpò ìwé ni kí o fi í sí. Oníṣọ́ọ̀bù náà ní láti òkè yẹn n kò lè rí ọ láé, pé ó jìn jù. Mo ní kó tà á fún mi ná, kó máa bá tirẹ̀ lọ, pé n kò ní máa wá ojú rẹ. Bí mo bá rí ọkọ̀ kan tó ń wọlé, mo ti mọ ẹni tó ń lọ pàdé rẹ̀.

Okùn tí o bá dì mú kò ní já. Ọwọ́ rẹ kò ní yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní tàsé. Ilẹ̀ yóò máa dúró dè ọ́ nígbà tí o bá padà láti orí omi. Àmín.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Zelinda.