Ẹ̀ka Igi Abọ́ṣọ Tí O Mú Lọ sí Ẹ̀pẹ́

                                        Ilé Káfíńtà,
                                        Ọ̀nà Èbúté,
                                        Ìpakòdó, Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Èbìbì, ọdún 2006.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ṣẹ̀rífátù,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ, kú òjò, kú ọ̀rinrin. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ Ṣàmsúdéènì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Hàbíbàt ọmọ rẹ ńkọ́? Ó yẹ kó ti ga tó ọ báyìí. Ẹja ńkọ́, ṣé ó ń wọ ọjà Ẹ̀pẹ́ dáadáa? Ní tèmi, mo wà. Orúnkún kan ń dùn mí, èkejì ń bá a kẹ́dùn. Mo ṣì ń jẹun.

Ìyáàfin Morádéyọ̀, tíṣà tó háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí o mọ̀ pé n kò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi fi oyin sí i.

Ọdún mẹ́ta nìyí tí a ti ríra gbẹ̀yìn. Ọjọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ Mùlíkátù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyàwó mi. Àwọn àáfà ò tíì dìde lórí ẹní tí mo fi rí ọ lábẹ́ igi òdòdó rẹ̀, tí o gé ẹ̀ka kan, tí o ń fi gèlè wé e. Mo pariwo, "Olè!" O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ka kan péré ni mo fẹ́ fi rántí rẹ̀." Mo ní ẹni tó ń pín ogún kí omi tí wọ́n fi wẹ òkú tó gbẹ, kí ló ń jẹ́ bí kì í bá ṣe olè? Gbogbo ilé gbọ́. O gbé báàgì rẹ, o wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́, o ò sì bojú wẹ̀yìn. Ìyáàfin Morádéyọ̀ ní ká fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò "olè" yẹn. Mo ní kó fi sílẹ̀. Òun ni mo sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo ti fọ́ tèmi, n kò lè kó o.

Lẹ́yìn tí o lọ, mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi náà. Ibùdókọ̀ Benson ni Mùlíkátù ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, nígbà tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹni tó tà á pe orúkọ òyìnbó kan fún un, ẹnu Mùlíkátù ò gbà á, ló bá sọ ọ́ ní Abọ́ṣọ. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. O rántí bó ṣe máa ń tọ́jú rẹ̀. Ojú oòrùn gangan ló gbìn ín sí, ó ní igi yìí kò fẹ́ ìbòòji. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí ewé tuntun tó yọ, á gé ṣóńṣó ẹ̀ka díẹ̀díẹ̀, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná. Kì í gé e ní kùkùté bí àwọn ará ẹ̀sítéètì ṣe ń gé tiwọn, tí á dà bí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́. Tí òjò bá dé, òdòdó aláwọ̀ àlùkò á bò ó, etí rẹ̀ á rún wínníwínní bí etí aṣọ ọmọdébìnrin. Òun á jókòó sábẹ́ rẹ̀, á máa ṣa ẹ̀wà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo rí i pé èèpo igi náà ń ṣí, ó ń bọ́ sílẹ̀. Mo ní ikán ti wọ̀ ọ́. Ṣé o mọ ohun tí káfíńtà máa ń ṣe sí pákó tí ikán bá fẹ́ jẹ. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, mo ra gálọ́ọ̀nù méjì ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára mọ́tò. Mo fi kun igi náà láti ilẹ̀ dé ibi tí àyà mi mọ, mo da ìyókù sí gbòǹgbò. Inú mi dùn. Mo ní, "Mùlíkátù, mo ti bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Ṣẹ̀rífátù, mo pa á. Ewé rẹ̀ re, mo ní ọyẹ́ ni. Mo dúró de òjò. Òjò dé, kò rú. Mo fi èékánná ha á, gbígbẹ ni. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ṣe káfíńtà. Igi tó ti kú ni mo mọ̀, n kò mọ igi tó wà láàyè.

Mo lọ bá Afọlábí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta òdòdó ní Benson, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Baba, igi yín ò ṣàìsàn kankan. Bó ṣe ń dàgbà ló ń bọ́ èèpo. Ṣé ẹ ò rí gúáfà rí ni?" Mo ti rí gúáfà rí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé Mùlíkátù sọ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Saheed, ẹ wá wo igi mi, ó ń bọ́ aṣọ àná." Mo ń fá pákó lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." N kò gbójú sókè.

Afọlábí fẹ́ ta òmíràn fún mi. Ó ní igi kan náà ni. Mo ní kì í ṣe igi kan náà. Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan ti mú ẹ̀ka lára ti tẹ́lẹ̀ rí, pé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń hù. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́.

Ṣé ó hù? Ohun tí mo fi kọ ìwé sí ọ nìyẹn. Tó bá hù, òun nìkan ló kù lára ohun tí Mùlíkátù fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tọrọ níbẹ̀, mo sì ń tọrọ. Má gé èyí tó tóbi. Ẹ̀ka tó gùn tó pẹ́ńsùlù, tó ti le díẹ̀, ti tó. Já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi aṣọ tútù wé e. Afọlábí ní inú yanrìn tútù ni kí n kọ́kọ́ kì í bọ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò. Mo ti bu yanrìn sínú garawa kan. Mo ti gbẹ́ kòtò mìíràn lójú oòrùn, níbi tí ọ́ìlì ò dé. N kò ní fi nǹkan kan kùn ún.

Bá mi kí Ṣàmsúdéènì, kó máa rọra gbé ẹrù. Kí Hàbíbàt, sọ fún un pé àga kékeré rẹ̀ ṣì wà níbí, kò tíì ya. Ìyáàfin Morádéyọ̀ náà kí ọ.

Tí tìrẹ náà bá ti kú, má wulẹ̀ mú nǹkan kan wá. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wojú ọ̀nà,

Tàjùdéèn Ọláògún,
Bàbá Saheed.