Orúkọ Tí Mo Gbọ́ ní Sérbíà

                                        Apartment 214,
                                        Lake Highlands,
                                        Dallas, Texas.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Báwo ni Ìbàdàn? Ṣé ọkọ rẹ ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lójú? Mo gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ pé Gbéminíyì ti wọ yunifásítì. Mo rẹ́rìn-ín, torí lójú tèmi, ọmọ tó máa ń fi àkàrà pamọ́ sínú báàgì ìwé náà ló ṣì jẹ́. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún ti ń gbà wọ́n láàyè láti lọ sí ìsìn àárọ̀? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Oòrùn Dallas ti rọlẹ̀ díẹ̀, a ti lè ṣí fèrèsé láàárọ̀. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ mi níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Fọlákẹ́, ó lé lọ́dún kan tí o ti ń pè mí tí mi ò gbé fóònù. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé iṣẹ́ ló fà á. Nígbà tí ọmọ mi kú, o sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ sọ ọ́, àwọn ìyá ìjọ sọ ọ́, kódà ẹnì kan kọ ọ́ sórí káàdì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ẹnu tìrẹ jáde, ó dùn mí ju ti gbogbo wọn lọ, torí mo rò pé ìwọ ni yóò bi mí pé báwo ni omi náà ṣe rí. Mo ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn, òun náà la sì ń fi tu ara wa nínú. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi. Ohun tó jẹ́ kí n lè jókòó kọ ìwé yìí ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, o ó sì ní sùúrù gbọ́ mi, torí ó gùn.

O mọ̀ pé oyún náà kò tíì pé oṣù méje tí ẹ̀jẹ̀ mi fi ru, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò láyé, nínú àpótí gíláàsì. Ìníolúwa la sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo fojú kàn án. Wọ́n ti gbé èmi lọ sí ọsibítù mìíràn, àwọn dókítà ń gbà mí lọ́wọ́ ikú, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mi ò sì mọ ibi tí mo wà. Kí n tó padà sílé, Akínbọ́lá ti tú ibùsùn ọmọ náà, ó ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dìde, á lọ máa fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. A wá ń gbé bí ẹni méjì tó jọ háyà ilé. Mo gbà pé ó ti gbàgbé. Èmi náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ti ń wo apartment ẹlẹ́nìkan ní Arlington, nítòsí ilé Mojíbọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ọ́fíìsì Akínbọ́lá tó wà ní Addison rán an lọ sí Belgrade, olú ìlú Sérbíà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Ó ní kí n wá bá òun lo ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Mo lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún fàájì. Mo lọ torí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Arlington fún un níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ wá.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti sanwó fún ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan, èyí tí amọ̀nà máa ń mú àlejò káàkiri àwọn ìlú àtijọ́ àti mọnásítírì. Mọnásítírì ni wọ́n ń pe ọgbà tí àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run jọ ń gbé. Mo ní màá bá a lọ, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé tí a bá débẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ náà.

Àárọ̀ Sátidé la gbéra nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan, a ò ju mọ́kànlá lọ. Milica ni orúkọ amọ̀nà wa, ọmọbìnrin tó ga, tó ń yára sọ̀rọ̀, tó sì ń kà wá bí ẹni ń ka adìyẹ ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni George, bàbá àgbàlagbà kan láti Oklahoma, tó ń dá rìn. Oko àgbàdo àti òdòdó oòrùn tó ti gbẹ la ń wò lójú fèrèsé, pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ Texas, títí òkè kan tí igbó bò fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sremski Karlovci la kọ́kọ́ dé. Fọlákẹ́, ìlú náà dákẹ́ bí ìgbà tí gbogbo ará ibẹ̀ bá wà ní ìsìn. Ilé aláwọ̀ ìyeyè, ṣọ́ọ̀ṣì onílé-ìṣọ́ méjì, àti ojúsun omi kan láàárín ìlú tí omi ń tú jáde lẹ́nu kìnnìún mẹ́rin. Milica ní ẹni tó bá mu níbẹ̀ yóò padà wá ṣe ìgbéyàwó ní ìlú náà. George mu, ó ní ní ọjọ́ orí òun, kí wọ́n tètè wá ìyàwó náà o. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Akínbọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu omi náà sọ́wọ́ mi. Mo rántí pé mo wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ṣe mí bíi pé ó ti pẹ́ tí mo ti wò ó gbẹ̀yìn. Mo sún ọ̀rọ̀ mi síwájú di ọ̀sán.

Láti ibẹ̀ la gun òkè lọ sínú igbó, sí mọnásítírì àwọn obìnrin kan. Orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lórí mi. Kò tóbi. Ọgbà òdòdó róòsì wà níbẹ̀, ilé oyin tò sí ìdí ògiri, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, bíi ti àwọn Sístà ìjọ Àgùdà, sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìda oyin ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán àwọn ẹni mímọ́ bo ògiri títí dé òkè àjà, èéfín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti sọ ojú wọn di dúdú bíi tiwa. Ìta ni wọ́n ti ń tan àbẹ́là, nínú àpótí irin kan tó ní àwo méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, iyanrìn àti omi wà nínú méjèèjì. Milica ṣàlàyé fún wa pé òkè ni ti alààyè, ìsàlẹ̀ ni ti òkú.

George ló kọ́kọ́ ra ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ tìṣòro-tìṣòro, ó gbé e sínú àwo ìsàlẹ̀, ó sọ fún wa pé ti ìyàwó òun ni.

O mọ ìjọ wa, a kì í tan àbẹ́là. O sì mọ Akínbọ́lá, olórí àwọn tó ń fi èrò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀ kúrò nínú ìlànà. Mo ti ń wá ibi tí a ó dúró sí tí mo rí i tó lọ bá ìyá náà, tó ra mẹ́ta. Ó tan méjì, ó gbé wọn sínú àwo òkè. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó tan ẹ̀kẹta. Atẹ́gùn pa á. Ó tún un tàn, atẹ́gùn tún pa á. Nígbà kẹta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dáàbò bò ó títí iná náà fi dúró. Mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn:

“Àjọkẹ́, bàbá rẹ rèé o.”

Ọ̀rẹ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé obìnrin mìíràn ni. Bí ọkàn mi ṣe burú tó nígbà náà nìyẹn. Mo bi í pé, “Ta ni Àjọkẹ́?”

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Ọmọ wa ni, Détọ́lá.”

Mo di etí àpótí irin náà mú. Ìyá àgbà yẹn ló dìde, tó fà mí jókòó sórí àga tirẹ̀. Ó wọlé lọ, ó gbé ife omi kan jáde pẹ̀lú èso tí wọ́n fi ṣúgà sè, ṣíbí kan péré. Kò gbọ́ èdè wa, àwa ò gbọ́ tirẹ̀. Ó fi ṣíbí náà sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọdé lóògùn, ó sì dúró tì mí títí mo fi gbé e mì.

A padà sínú bọ́ọ̀sì. Ibi tó kẹ́yìn ni odi ológun ńlá kan tó wà lórí òkè létí odò Danube, tó dojú kọ ìlú Novi Sad. Àwọn yòókù lọ ya fọ́tò, àwa méjì jókòó sórí ògiri odi náà, odò ń ṣàn nísàlẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni Akínbọ́lá ti ṣí inú rẹ̀ payá.

Ó ní lójoojúmọ́, bí òun bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, òun máa ń kọ́kọ́ wá wò mí ní ọsibítù tèmi, òun á wá gba freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ibí, lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Bridget kọ́ ọ bí yóò ṣe fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, tí yóò ki ọwọ́ bọ inú àpótí náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó wá rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fi oríkì pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láàárọ̀. Kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí tí yóò fún ọmọ tiwa ní oríkì, òun bá fún un fúnra rẹ̀. Ó ní gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá náà ló jọ ń kẹ́ ẹ, òun náà ń kẹ́ ẹ, nítorí náà, Àjọkẹ́. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ìgbà yìí.

Ó ní, “Ojú ń tì mí. Ìwọ lo lóyún rẹ̀, ìwọ ni wọ́n là nínú, èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé mo jí i gbé mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibùsùn yẹn, mi ò fẹ́ kí o bá a nílẹ̀ ni. Mo rò pé mo ń ṣe ọ́ lóore.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Arlington fún un níbẹ̀ yẹn. Kò bínú. Ó bi mí pé, “Ṣé o ṣì ń lọ?”

Mo ní, “Sọ nípa rẹ̀ fún mi ná.”

Fọlákẹ́, ó sọ ọ́. Ó ní irun rẹ̀ pọ̀ nípàkọ́ ju iwájú lọ. Ó ní etí mi ló gbé wá, pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ mọ́ orí. Ó ní ó sín lọ́jọ́ kan, gbogbo nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ń béèrè, ó ń dáhùn, mo ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sú u. Mo ń wo aago ńlá tó wà lórí odi náà, mo rò pé àkókò pọ̀ fún wa, àṣé ọwọ́ gígùn ló ń fi wákàtí hàn níbẹ̀, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lè rí i láti òkèèrè. A ti pẹ́ gan-an. Milica sáré wá wá wa, ó rí ojú wa, kò bá wa wí. Ó ní bọ́ọ̀sì yóò dúró.

Mi ò lọ sí Arlington mọ́. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ti tò. Ọjọ́ kan wà tí a jọ ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ kan wà tí ó tún ń fọ ife tó mọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń lọ dúró tì í nídìí omi báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ wa, a pe màmá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa. Akínbọ́lá sọ fún wọn pé ọmọ wa ní oríkì, ó sì pè é. Màmá sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, “Ta ló fún un?” Ó ní, “Èmi ni, màámi. Ẹ má bínú.” Ẹ̀rù bà mí, torí mo rò pé wọn yóò ní a gba ẹ̀tọ́ àgbà. Wọ́n ní, “O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o ò parí rẹ̀.” Wọ́n ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n wá pe “Àjọkẹ́!” bí ẹni pe ọmọ tó ń ṣeré ní ìta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti orí bàbá ńlá dé orí bàbá ńlá, orílẹ̀ wọn pátá, wọn ò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Akínbọ́lá ti dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n wò mí tààrà. Wọ́n ní:

“Ìyá Àjọkẹ́, o kú ewu ọmọ o.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde nínú mi, ẹnikẹ́ni kò tíì kí mi bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún Gbéminíyì pé kó fojú sí ìwé. Akínbọ́lá ní kí n kí yín. Kí Ọlọ́run dá gbogbo yín sí fún mi.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Détọ́lá,
Ìyá Àjọkẹ́.