Baba Sọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Balùwẹ̀

Sfax

Ẹ̀gbọ́n mi Mondher,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Marseille ò pọ̀ jù? Orúnkún ń dun Màmá, síbẹ̀ wọ́n bá wa ká ólífì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Baba, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Lánàá, mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mò ń fọ fíìmù dúdú-àti-funfun tí mo fi ya àwọn tó ń ká ólífì. Mo da oògùn sínú agolo rẹ̀, mò ń mì ín kíkankíkan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà:

"Rafika, rọra! Ṣé o fẹ́ fi fíìmù pò bọ́tà ni?"

Baba ni! Wọ́n ti fi ọ̀pá rìn wá láti yàrá. Màmá bú sẹ́kún.

"Baba Mondher! Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín, ẹ ò dáhùn, àfi fíìmù!"

"Ìwọ ò ba fíìmù jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n, ọkàn wa balẹ̀. Àwọn àwòrán náà sì mọ́ kedere.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Baba ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín fún wa. Ẹ pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Baba fúnra wọn ni yóò dá yín lóhùn.

Àbúrò yín,
Rafika