Ìyá Mi Tí Akọ̀wé Yín Kọ Mọ́ Òkú

Ojúlé Kẹsàn-án, Ọ̀nà Èbúté,
Ìpakodò, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìwòsàn Ojú Ìmọ́lẹ̀-Ayọ̀,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ DÁ ORÚKỌ ALHAJA FÀLÍLÁTÙ ADÉÒJÓ PADÀ SÁÀÁRÍN ALÁÀYÈ

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, n kò sì ní fi bò. Ìyá mi, tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ní Ìjẹ̀dé, ti pàdánù ojú òsì rẹ̀. Dókítà yín ní kí a wá ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì fún iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Ó kìlọ̀ pé bí oṣù kẹta bá fi lè parí láìṣe é, ìyẹn náà yóò fọ́.

A dé ọ̀dọ̀ yín ní aago méje àárọ̀. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Zikrullah, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ìyá mi sínú kọ̀ǹpútà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó. Bó ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ àwọn aláìsàn ń dín kù lójú ẹ̀rọ. Nígbà tó tẹ Fàlílátù Adéòjó tán, kò ku ẹnì kan. Ó ní ìyá mi kò sí níbẹ̀.

Ìyáàfin Ìbídùnní, ọ̀gá rẹ̀, ló tú u wò. Ní oṣù kìíní, ẹbí Fàlílátù mìíràn tó di olóògbé wá dá káàdì rẹ̀ padà. Zikrullah tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré, ó mú orúkọ tó wà lókè pátápátá, ó sì kọ ọ́ mọ́ òkú. Kò wo nọ́ńbà káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ìyá mi ló mú. Ẹ̀rọ yín kì í sì í fi orúkọ òkú han ẹni tó ń wá aláìsàn.

Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ìyá mi wà láàyè, obìnrin náà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn! Ó ń bi mí pé, "Jẹ̀lílì, ṣé wọ́n ti kírun sí mi lára ni?"

Mo mú ìwé ìbúra dé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì. Láti ìgbà náà, wọ́n ní ẹni tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà nìkan ló lè tún un ṣe, pé ó ń bọ̀. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí. Irú ìyà wo nìyí? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀rọ kò ní kí akọ̀wé má béèrè orúkọ bàbá òkú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀tọ́ wa ni mo sì ń béèrè: kí ìyá mi rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Bí kọ̀ǹpútà kò bá gbà, ẹ fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ gbé e wọlé.

Àmì ìka tí ẹ rí nísàlẹ̀ yìí, tìyá mi ni. Ó máa ń fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lánàá, mo fi bírò lé e lọ́wọ́, kò rí ojú ìlà mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ọmọ ẹni tó wà láàyè,
Jẹ̀lílì Adéòjó,
Awakọ̀ Ojú Omi, Èbúté Ìpakodò.