Jẹ́ Kí Ìyàwó Rẹ Jẹ Ẹyin

Ìjàn-Èkìtì,
Oṣù Kẹfà, 1978.

Ọláníyì, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ àti gbogbo ọmọ Èkìtì tí ẹ jọ wà ní Kàdúná. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀. Iṣu ti tán, èbù tó yẹ ká gbìn la ń sè jẹ.

Ara Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ kò yá. Oyún rẹ̀ ti di oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Gààrí ló ń mu láàárọ̀, ẹ̀bà ló ń jẹ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó máa jẹ ẹyin. Adìyẹ mi ń yé. Mo se méjì fún un, ó kọ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ọkọ mi kìlọ̀ fún mi kó tó lọ pé bí mo bá jẹ ẹyin, olè ni màá bí."

Mo ní, "Ṣé ọkọ rẹ ló lóyún ni?" Ó sunkún, kò sì jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló ka ẹyin léèwọ̀. Ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n nílé wọn nígbà náà, àwa kò rí i jẹ mọ́. Bí ara ìyàwó Àjàyí aládùúgbò wa ṣe rí nìyí lóṣù tó kọjá. A sin òun àti ọmọ.

Tètè kọ̀wé sí i pé kó jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ló ń gbọ́. Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ ní ìdálẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ àbúrò rẹ tó ń bá mi kọ̀wé ń rẹ́rìn-ín, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: bí ọmọ bá jalè, a ó nà án. Èyí tó bá kú ńkọ́?

Èmi ìyá àgbà rẹ.